Ta Ló Ni Dirndl?

Ọjọ́ Ẹtì kan ni, nínú oṣù kẹsàn-án, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí mo dé Munich ní Jámánì láti wá ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Mo wọ ọ́fíìsì, mo bá ẹni tó ń darí ikọ̀ wa, ọkùnrin tí kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, níwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò awọ tó mọ lórúnkún, okùn méjì ló fi kọ́ ọ sí èjìká, ó sì wọ ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn tó nípọn. Ọmọbìnrin tó máa ń yẹ kóòdù mi wò wọ gáùn kan tí wọ́n so ẹ́púrọ́ọ̀nù mọ́ níwájú. Mo rò pé ibi ìgbéyàwó ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ní rárá o, iṣẹ́ làwọn wá ṣe, tó bá di ìrọ̀lẹ́ làwọn á gba Oktoberfest lọ. Ìpàdé àárọ̀ bẹ̀rẹ̀, a sọ̀rọ̀ lórí ohun tó bàjẹ́ lánàá, kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba aṣọ. Èmi nìkan ni ọkàn mi ò sí nípàdé, orúnkún ẹni ẹlẹ́ni ni mò ń wò.

Nígbà tí à ń jẹun ọ̀sán, mo bi í pé láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń wọ aṣọ yìí. Ó ní, "Láti ayé àwọn baba ńlá wa ni." Ìdáhùn yẹn tẹ́ mi lọ́rùn, torí bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nípa agbádá, ohun tí èmi náà máa sọ nìyẹn.

Àmọ́ iṣẹ́ mi ò jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú git, tí àwa tí à ń kọ kóòdù fi ń tọ́jú iṣẹ́ wa, àṣẹ kan wà tó ń jẹ́ git blame. Ẹ pè é sórí fáìlì kan, á fi hàn yín, ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹni tó kọ ọ́ àti ọjọ́ tó kọ ọ́. Ìlà tí ẹ rò pé ó ti wà látọjọ́ aláyé ti dáyé, ẹ lè rí i pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá lẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yí i padà. Mo ní kí n ṣe irú ẹ̀ fún aṣọ àwọn ará ibí. Mo ka ìwé, mo lọ mùsíọ́ọ̀mù, mo da àwọn ènìyàn láàmú pẹ̀lú ìbéèrè.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé aṣọ náà ná. Tracht ni wọ́n ń pe gbogbo aṣọ ìbílẹ̀ wọn. Inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "gbé" tàbí "wọ̀" ló ti jáde. Dirndl ni ti obìnrin: apá òkè tó fún mọ́ni lára, tí wọ́n fi bọ́tìnnì tàbí okùn dè níwájú, búláòsì funfun lábẹ́ rẹ̀, síkẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀, àti ẹ́púrọ́ọ̀nù. Lederhose ni ṣòkòtò awọ ti ọkùnrin. Awọ àgbọ̀nrín ló dáa jù fún un, wọn kì í sì í fọ̀ ọ́ bá a ṣe ń fọ aṣọ. Bó bá ṣe gbó tó, tó ń dán nítorí ọ̀rá ọwọ́ àti ọdún, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe bọ̀wọ̀ fún un tó. Bàbá ń fi sílẹ̀ fún ọmọ. Apá gúúsù Jámánì, ìyẹn Bavaria, àti Ọ́síríà ni wọ́n ti ń wọ gbogbo èyí. Tí ẹ bá wọ̀ ọ́ dé Hamburg lápá àríwá, wọ́n lè bi yín bóyá eré lẹ fẹ́ ṣe.

Kì í ṣe aṣọ ibi ọtí nìkan o. Ní agbègbè Bad Aussee, láàárín àwọn òkè Ọ́síríà, obìnrin lè wọ dirndl lọ ra búrẹ́dì, kí bàbá wọ ṣòkòtò awọ lọ sí báńkì, kò sẹ́ni tó máa yíjú wò wọ́n. Àwọ̀ mẹ́ta ni dirndl ibẹ̀ ní: òkè rẹ̀ aláwọ̀ ewé, síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ píǹkì, ẹ́púrọ́ọ̀nù rẹ̀ àwọ̀ àlùkò tó fẹ́lẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á ti mọ ìlú obìnrin náà kó tó lanu kí i. Ní Salzburg wọ́n ń wọ Tracht lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìsìnkú, àti ilé ìgbọ́rin. Ní Munich, àwọn ọ̀dọ́ máa ń mú Janker, kóòtù kúkurú onírun àgùntàn, wọ̀ ọ́ lé jíìnsì àti kánfáàsì, ó sì máa ń bá wọn mu. Mo fi ojú ara mi rí i nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní ọjọ́ Ajé lásán.

Ibi ohun ọ̀ṣọ́ ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Ọkùnrin máa ń fi ẹ̀wọ̀n fàdákà kan kọ́ sí iwájú ṣòkòtò awọ, Charivari ni wọ́n ń pè é. Owó fàdákà àtijọ́, eyín ẹran ìgbẹ́, èékánná ẹyẹ, ẹ̀là ìwo, gbogbo ẹ̀ ló wà lára rẹ̀, ó ń dún ṣaworo bó ṣe ń rìn. Ní tèmi, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, ọdẹ ilé wa ló wá sí mi lọ́kàn. Wọ́n máa ń gbé ìdì irun kan sórí fìlà, Gamsbart. Orúkọ yẹn ní irùngbọ̀n ni, irọ́ ni: irun ẹ̀yìn ẹran kan tó jọ ewúrẹ́, tó ń gun àpáta orí òkè Alps, ni wọ́n fi ń ṣe é. Irun ẹran kan ò tó, ìdí nìyẹn tí èyí tó bá dáa fi lè wọ́n ju aṣọ tó wà lára ẹni tó dé e lọ. Àwọn obìnrin Linz ní Goldhaube, ìborí tí wọ́n fi òwú wúrà ṣiṣẹ́ sí lára. Màmá mi rí fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù mi, wọ́n ní, "Ta ló wé gèlè fún òyìnbó yìí?"

Èyí tó mú mi jù ni Kropfband, ọ̀já tàbí ẹ̀wọ̀n fàdákà tó fún mọ́ ọrùn obìnrin. Ọ̀já gẹ̀gẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí! Áyódììnì ò sí tó nínú omi àti oúnjẹ orí òkè Alps, gẹ̀gẹ̀ sì wọ́pọ̀ níbẹ̀ gan-an kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi áyódììnì sí iyọ̀. Wọ́n ní wọ́n fi ọ̀já yìí bo ọrùn tó wú. Lónìí, ọmọge tí ọrùn rẹ̀ gún régé ń ra ọ̀já gẹ̀gẹ̀ torí pé ó dára lọ́rùn.

Wọ́n tún sọ fún mi nípa bí wọ́n ṣe ń so okùn ẹ́púrọ́ọ̀nù. Tí ìdè bá wà lápá òsì, obìnrin náà ò tíì ní ẹnì kan. Tó bá wà lápá ọ̀tún, ó ti ní. Tó bá wà lẹ́yìn, opó ni tàbí ẹni tó ń gbé ọtí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí òfin àwọn baba ńlá. Ìgbà tí mo wádìí ni mo gbọ́ pé òfin yìí ò lọ́jọ́ lórí rárá, pé níbi tó bá wu obìnrin láyé àtijọ́ ló ń so ó sí. Ìlà àkọ́kọ́ tí git blame mi mú nìyẹn.

Ibo wá ni aṣọ náà ti bẹ̀rẹ̀? Dirndl ò ju "ọmọbìnrin" lọ ní èdè Bavaria àti Ọ́síríà. Wọ́n sì ń lò ó fún ọmọ-ọ̀dọ̀ tó ń fún wàrà, tó ń gbálẹ̀ ilé màlúù. Aṣọ dirndl, aṣọ ọmọ-ọ̀dọ̀ ni. Ẹ́púrọ́ọ̀nù wà níbẹ̀ kí ìdọ̀tí má bàa kan aṣọ, kì í ṣe fún ẹwà. Ṣòkòtò awọ náà, nítorí àgbẹ̀ àti ọdẹ ni, torí awọ kì í tètè ya nínú igbó.

Àwọn ọba ló kọ́kọ́ gbé e ga. Johann, ọmọ ọba Ọ́síríà tí wọ́n bí ní 1782, fẹ́ràn agbègbè Styria débi pé kóòtù eérú aláwọ̀ ewé lọ́rùn, ti àwọn ọdẹ ibẹ̀, ló ń wọ̀. Ó tún lọ fẹ́ Anna Plochl, ọmọ ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Aussee, ní 1829, ọ̀rọ̀ náà sì di àríyànjiyàn láàfin. Lẹ́yìn rẹ̀, Franz Joseph, tó jọba láti 1848 títí dé 1916, máa ń lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Bad Ischl, ṣòkòtò awọ ló sì ń wọ̀ lọ ṣọdẹ. Ní Munich, Oktoberfest fúnra rẹ̀ wá láti inú ìgbéyàwó ọmọ ọba Ludwig àti Therese ní 1810; nígbà tí ìgbéyàwó náà pé ọdún 25, ní 1835, wọ́n kó àwọn ènìyàn jọ nínú aṣọ ìbílẹ̀ wọn láti tò kọjá níwájú ọba. Kí ọba wọ aṣọ àgbẹ̀, fàájì ni. Kí àgbẹ̀ wọ̀ ọ́, iṣẹ́ ti yá nìyẹn.

Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ti ń sá fún aṣọ náà nígbà yẹn. Ṣòkòtò gígùn ti ìgboro ni wọ́n fẹ́. Ní 1883, tíṣà kan ní Bayrischzell, Joseph Vogl, rí i pé ṣòkòtò awọ kúkurú fẹ́ parẹ́, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti dáàbò bo aṣọ ìbílẹ̀. Ludwig Kejì, ọba Bavaria, fọwọ́ sí i. Àwọn àlùfáà kan ò fọwọ́ sí i ní tiwọn, wọ́n ní kí ọkùnrin máa fi orúnkún hàn ìwà ìbàjẹ́ ni. (Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ lórí ohun tó yẹ kí aṣọ bò ti pẹ́.) Irú ẹgbẹ́ yẹn kún gbogbo Bavaria àti Ọ́síríà lónìí, àwọn ni wọ́n máa ń bá èèyàn jà tí bọ́tìnnì bá yàtọ̀ sí ti abúlé.

Ìgbà yẹn kan náà ni rélùwéè ń kó àwọn ọlọ́rọ̀ Vienna àti Munich lọ sinmi lórí òkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n rí aṣọ ọmọ-ọ̀dọ̀, ó wù wọ́n, wọ́n rán tiwọn. Lára àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, Júù pọ̀ níbẹ̀. Fọ́tò kan wà láti 1913, Sigmund Freud àti ọmọ rẹ̀ Anna lórí òkè Dolomites. Dirndl ni Anna wọ̀. Konrad Mautner, ọmọ ìdílé Júù tó ń ṣòwò aṣọ ní Vienna, lọ ń gbé láàárín àwọn ará abúlé Gössl nítòsí Aussee, ó ń kọ orin wọn sílẹ̀, ó ń yàwòrán aṣọ wọn, títí tó fi kú ní 1924. Ìwé ńlá lórí aṣọ ìbílẹ̀ Styria tó òun àti Viktor Geramb ṣe, àwọn oníṣẹ́ ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní Munich ńkọ́? Ọmọ ìyá méjì, Julius àti Moritz Wallach, wá láti Westphalia lápá àríwá. Júù ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọmọ Bavaria rárá. Ní 1900 wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará abúlé. Wọ́n rin abúlé ká, wọ́n ra aṣọ àtijọ́ tí àwọn olówó ẹ̀ ti fẹ́ sọ nù, wọ́n wo bí wọ́n ṣe rán an. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń rán dirndl onísílíìkì fún àwọn obìnrin ìgboro, wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ àrà sára aṣọ ní ibi iṣẹ́ wọn ní Dachau. Nígbà tí Oktoberfest pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní 1910, àwọn ni wọ́n wọ aṣọ fún àwọn tó tò kọjá láàárín ìgboro. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún Oktoberfest, ọwọ́ àwọn Júù méjì láti àríwá ni aṣọ ìbílẹ̀ Bavaria tó wà níbẹ̀ ti wá. Kò sẹ́ni tó bínú. Wọ́n ṣe é, ó sì dára.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ gbilẹ̀. Max Reinhardt, tí òun náà jẹ́ Júù, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá àjọ̀dún eré àti orin sílẹ̀ ní Salzburg ní 1920, àwọn àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè ń wọ dirndl lọ wòran. Ní 1930 wọ́n ṣe eré olórin kan ní Berlin, Im weißen Rössl, tí Ralph Benatzky ṣe orin rẹ̀, nípa ilé àlejò kan létí adágún ní Ọ́síríà. Ó gbajúmọ̀ débi tó dé London àti New York, dirndl sì bá a rìn.

Oṣù kẹta 1938, àwọn Násì gba Ọ́síríà. Nínú oṣù kẹfà ọdún náà, ọlọ́pàá Salzburg gbé àṣẹ jáde: Júù ò gbọdọ̀ wọ Tracht mọ́. Mo ka àṣẹ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ṣòkòtò awọ, kóòtù, dirndl, ìbọ̀sẹ̀ funfun, fìlà Tyrol, wọ́n ka gbogbo ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ì báà jẹ́ ojúlówó tàbí àfarawé. Ẹni tó bá rú u á san owó ìtanràn tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n. Ẹ wò ó bí ẹni tó kọ kóòdù tí wọ́n wá yọ orúkọ rẹ̀, tí wọ́n sì tún ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kó má bàa lò ó mọ́. Ìbọ̀sẹ̀ ló ń bà wọ́n nínú jẹ́! Ìbọ̀sẹ̀ funfun lẹ́sẹ̀ Júù.

Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fipá mú àwọn Wallach láti ta ṣọ́ọ̀bù wọn. Julius àti Moritz sá lọ sí Amẹ́ríkà. Max, ọmọ ìyá wọn tó ń bójú tó ibi ìtẹ̀wé aṣọ ní Dachau, ò ráyè sá. Wọ́n pa á ní Auschwitz. Ìyàwó Konrad Mautner, Anna, tó ń fi ọwọ́ tẹ àrà sára aṣọ ìbílẹ̀ létí adágún Grundlsee, sá lọ sí Amẹ́ríkà pẹ̀lú.

Aṣọ ò lọ. Ó ṣì wà níbẹ̀, wọ́n kàn fún un ní olówó tuntun. Gertrud Pesendorfer, tó ń ṣiṣẹ́ ní mùsíọ́ọ̀mù àṣà Tyrol ní Innsbruck, di olórí ibẹ̀ ní 1938, ìjọba Násì sì gbé iṣẹ́ àtúnṣe Tracht lé e lọ́wọ́. Ó ní aṣọ náà gbọ́dọ̀ kúrò lábẹ́ ọwọ́ ìjọ àti ti àwọn àjèjì. Ó mú ọrùn gíga kúrò, ó jẹ́ kí apá hàn, ó mú ìbàdí fún, ó sì jẹ́ kí àyà yọ. Dirndl tí ẹ̀ ń rí lórí Instagram lónìí, èyí tó ṣí ọrùn tó sì fún ní ìbàdí, tí wọ́n ní ó ti wà láti ayébáyé, ọwọ́ obìnrin yẹn wà lára rẹ̀. Ohun tí àwa ń pè ní force push nìyẹn: ẹ ó kọ ìtàn tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ lórí, ẹ ó sì máa sọ pé bó ṣe rí nìyẹn látìbẹ̀rẹ̀.

Mi ò sọ pé ẹni tó bá wọ dirndl lónìí ni Násì. Ọ̀pọ̀ wọn ò tiẹ̀ gbọ́ orúkọ Pesendorfer rí. Mo bi akẹgbẹ́ mi tó wọ aláwọ̀ ewé yẹn, kò mọ̀ ọ́n, kò mọ Wallach. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní dirndl yẹn, ti ìyá-ìyá òun ni, òun ò ní bọ́ ọ sílẹ̀, àmọ́ òun máa ka ìwé. Ohun tó mọ́gbọ́n wá jù tí mo gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Lẹ́yìn ogun, ìdílé Wallach gba ṣọ́ọ̀bù wọn padà, ó sì ṣí títí wọ ọgọ́rùn-ún ọdún tuntun yìí. Ní 2007, mùsíọ́ọ̀mù Júù ti Munich ṣe àfihàn iṣẹ́ wọn. Nígbà Òlíńpíìkì 1972 ní Munich, dirndl aláwọ̀ ojú ọ̀run ni àwọn ọmọge tó ń gba àlejò wọ̀. Ọ̀kan lára wọn, Silvia Sommerlath, ló wá di ayaba Sweden. Ẹ máa yà lẹ́nu ṣá: fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, jíìnsì lásán ni àwọn ọ̀dọ́ ń wọ̀ lọ Oktoberfest. Ìparí àwọn ọdún 1990 ni Tracht ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé síbẹ̀ ní wọ̀ǹdù-wọ̀ǹdù. Orúnkún tó ń dà mí láàmú ní ọ́fíìsì yẹn, àṣà tí kò jù mí lọ púpọ̀ ni.

Kámẹ́rúùnù náà ti bá wọn dá sí i. Àwọn ọmọ ìyá méjì láti ibẹ̀ dá ilé aránṣọ Noh Nee sílẹ̀ ní Munich, wọ́n ń fi aṣọ alárà ilẹ̀ Áfíríkà rán dirndl. Mo lọ wò ó. Bó ṣe bá ara rẹ̀ mu tó, ẹ máa rò pé wọ́n dá aṣọ alárà fún dirndl ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kàn mí gan-an ni Lustenau, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Vorarlberg, ní ìwọ̀-oòrùn Ọ́síríà. Ẹ̀rọ ìṣiṣẹ́-abẹ́rẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń ṣe léèsì tí wọ́n ń kó wá sí Nàìjíríà, àwọn oníṣòwò wa sì ń sọ fún wọn irú àrà tí Èkó ń fẹ́. Nígbà tí owó epo dé, léèsì Ọ́síríà ni àwọn olówó fi ń ṣe ìnáwó. Ní 2010, mùsíọ́ọ̀mù kan ní Vienna ṣe àfihàn odidi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo pe màmá mi lórí fídíò. Wọ́n ní kí n dúró, wọ́n lọ tú àpótí, wọ́n gbé bùbá àti ìró léèsì ìgbéyàwó wọn síwájú kámẹ́rà.

"Níbo ni wọ́n ti ṣe é, màmá?"

"Ọ́síríà ni. Ojúlówó. Aṣọ ìbílẹ̀ wa nìyẹn, kì í ṣá."

Wọ́n fi bùbá àti ṣòkòtò léèsì bàbá mi ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án tún yí po, mo wọ̀ ọ́ lọ sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ẹtì, mo dé fìlà lé e. Olórí ikọ̀ wa wò mí láti òkè délẹ̀ nínú ṣòkòtò awọ rẹ̀. Ó ní ó dára gan-an, ó bi mí bóyá láti ayé àwọn baba ńlá wa ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àti pé tó bá wọkọ̀ ojú irin báyìí, á dé ibi tí wọ́n ti ṣe é kí ilẹ̀ tó ṣú.